Àpótí Báàjì Tí Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Mi Kọ̀ Láti Ṣí

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Ìwé yìí á bá ẹ lórí ìdúró, kò ní bá ẹ lórí ìdùbúlẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé o ń sun oorun ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ. Ara wa le nílé. Bàbá rẹ ń kí ẹ. Èjìká tó ń dùn ún nígbà tí o wá ti sọ̀kalẹ̀ sí orúnkún, orúnkún náà sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, a ò tíì mọ ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé gíga tí ẹ ń gbé ńkọ́, èyí tí o ní èèyàn lè yọjú lójú fèrèsé rẹ̀ kó rí ẹ̀yìn ẹyẹ tó ń fò? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o jábọ́ níbẹ̀ o. Má sì máa yọjú.

Ìdí tí mo fi mú bírò ni pé mo ti pè ẹ́ títí àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Yàtọ̀ sí ìgbà kan tí o gbé fóònù pẹ̀lú ìkánjú, obìnrin kan ló kù tó ń dá mi lóhùn. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ní àpọ́nlé, ó ní o ò sí nítòsí, pé tí mo bá ti gbọ́ ìró kan kí n sọ tẹnu mi. Mo gbọ́ ìró náà. Mo kí i, mo bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo wá ro ẹjọ́ àpótí fún un látòkèdélẹ̀ kó lè rò ó fún ẹ bó ṣe rí gan-an. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá, àṣé kò ní jẹ́ iṣẹ́ kankan fún ẹ. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo gbà á síṣẹ́, jọ̀ọ́ dá a dúró kó máa lọ.

Ẹjọ́ náà rèé. Ṣé o rántí ìsinmi tó kọjá, tí o jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi láti ìgbà oúnjẹ àárọ̀ títí bàbá rẹ fi ń béèrè bóyá o ti lẹ̀ mọ́ àga? O ní kọ̀ǹpútà náà ti gbó nínú, pé o fẹ́ gbé ọpọlọ tuntun sí i lórí. Mo ní kí o fi ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. O ní Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo fọkàn balẹ̀. Nígbà tí o ṣe tán, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n ya òkè ńlá kan sí i tí yìnyín bò lórí, mo sì gbàdúrà fún ẹ lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí o wọ mọ́tò padà síbi iṣẹ́ rẹ.

Àṣé ọpọlọ tuntun yẹn ò mọ ará ilé.

O ṣáà mọ̀ pé gbogbo bátànì tí maṣíìnì mi fi ń kọ ọnà sára aṣọ, inú díìsìkì dúdú yẹn ni wọ́n wà, èyí tó dà bíi páálí ìṣáná tó jẹun yó. Nígbà tí o ṣì wà níléèwé girama, tí a fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ìwọ lo kó gbogbo inú rẹ̀ pátá, o ká a bí ẹni ká aṣọ òde, o sì tì í mọ́ inú àpótí kan ṣoṣo lórí díìsìkì náà. O ní tí mo bá ti tẹ àpótí yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kọ̀ǹpútà àtijọ́ á yọ látòkèdélẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí yàrá. Òótọ́ lo sọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé, mo máa tẹ̀ ẹ́, yàrá á ṣí, mo máa mú ẹ̀dà bátànì báàjì aṣọ iléèwé jáde, mo máa lò ó, tí mo bá lò ó tán mo máa pa èyí tó wà níta rẹ́. O bínú sí mi nígbà tí o gbọ́ ìyẹn, o ní kí ló dé tí mi ò fi ọ̀kan sílẹ̀ níta. Ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n ti tọ́ ẹ dàgbà ni? Bátànì kì í sùn lórí tábìlì mi. Tí mo bá ti géṣọ tán, bátànì á padà sínú àpò rẹ̀, kí eku má baà fi ṣe oúnjẹ alẹ́, kí télọ̀ ìkángun àdúgbò wa tí à ń pè ní Ó-di-Jímọ̀ má baà yọjú wò ó. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé òfin mìíràn ni wọ́n ń lò nínú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí iléèwé wá kù díẹ̀ kó wọlé, mo tẹ àpótí lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe máa ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ sójú. Bàbá rẹ wọ awò, ó kà á, ó ní kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ irú àpótí yìí. Mo ní ṣé ó rí aláìlójútì! Àpótí tó ti wà nílé kó tó dé! Mo kọ́kọ́ rò pé ìtìjú àlejò ni. Mo gbé díìsìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi aṣọ kan náà bo àwọn méjèèjì, mo jẹ́ kí wọ́n jọ sùn kí wọ́n lè mọ ara wọn. Ilẹ̀ mọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo pa á, mo tàn án. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo halẹ̀ mọ́ ọn pé onírin àlòkù ń kọjá lọ lójú títì. Òkè oníyìnyín yẹn kàn ń wò mí ni.

Ní bàbá rẹ bá ní ká wá ìrànlọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A rí ibì kan tí wọ́n ti máa ń dá èèyàn lóhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọmọ mi, ó dùn mí wọra. Èmi tí mo gbé ẹ sínú títí o fi kọjá ọjọ́ tó yẹ kí o jáde! Mo wọlé, mo pààrọ̀ aṣọ, mo ya irun mi, mo sì padà wá dúró tààrà níwájú rẹ̀ kí wọ́n lè rí mi láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sóhun tó yí padà. Bàbá rẹ ní kí n kàn pariwo díẹ̀ sí wọn, pé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n tíì ṣe láyé tó lè pariwo bíi tèmi, pé tí mo bá ń pe ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn odò máa ń dáhùn.  Èmi kì í pariwo. Àwọn èèyàn ni kì í tètè gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbóná ni pé ọ̀gá àgbà iléèwé wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tuntun pọ̀ lọ́dún yìí, òun sì fẹ́ kí kìnnìún orí báàjì wọn, èyí tó jókòó lórí ìwé, bá ti àwọn ọmọ àtijọ́ mu, irun ọrùn rẹ̀, ìrù rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà mi ń ṣàìsàn. Ta ló sọ fún un? Ó-di-Jímọ̀ ni, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ máa ń di Jímọ̀ láìsọ Jímọ̀ wo. Ó ti tú báàjì kan lára aṣọ ọmọ kan, ó gbìyànjú láti ya irú rẹ̀, ó sì gbé e lọ han ọ̀gá àgbà. Mo rí i. Tí mo bá ń purọ́ kí bírò yìí gbẹ. Kìnnìún náà dà bí ológbò tí eyín ń dùn, tó jókòó lórí búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà ní tí tèmi ò bá tíì sí nílẹ̀ kí iléèwé tó wọlé, òun á gba ológbò yẹn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ báàjì á sì kúrò lọ́wọ́ mi pátápátá.

Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ìwọ gan-an wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé girama! Kìnnìún tí èmi pẹ̀lú ẹ jọ yà ní òjò ìsinmi ọdún yẹn, ìwọ lójú kọ̀ǹpútà, èmi lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí mò ń sọ fún ẹ pé ìránṣọ ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí o sì gbé fóònù lọ́jọ́ yẹn, kí lo sọ fún mi? O ní ọpọlọ tuntun ti fi irú àpótí yẹn sílẹ̀ sẹ́yìn. O ní Màmá, ẹ gbàgbé ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká ya òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. O ní wọ́n ń pè yín sípàdé.

Ó ti lọ kẹ̀? Ṣé mo rí i kó jáde ni? Díìsìkì wà lọ́wọ́ mi, àpótí wà nínú díìsìkì, kìnnìún wà nínú àpótí. Ohun tí mo mọ ibi tó wà kò tíì lọ.

Mo jókòó, mo rò ó bí mo ṣe máa ń ro iṣẹ́. Tí oníbàárà bá gbé ṣòkòtò àtijọ́ wá, tí síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́, tí wọn ò sì ta irú síìpù bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́jà, ṣé mo máa ń ju ṣòkòtò nù ni? Mo máa ń wá ṣòkòtò tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, mo máa tú síìpù tiẹ̀. Mo wá bi ara mi léèrè pé ta ni ẹgbẹ́ àpótí yìí? Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí o ní kí n gbé fún onírin ni. O ò sì bi mí léèrè rí bóyá mo gbé e fún un.

Mi ò gbé e fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ agẹrun ni mo gbé e fún, Kílípà, ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ máa ń jókòó gbá géèmù nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí tí mo fi máa lé yín síta. Ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí yìí, lórí tábìlì tó wà lábẹ́ dígí, ó ń fi kọrin fún àwọn oníbàárà, ó sì ń sá táwẹ́lì tútù sí i lórí. Kò sí ẹni tó gbé ọpọlọ tuntun sí i rí. Kílípà ní òun ò dán an wò, pé òun ń bẹ̀rù kí orin má dákẹ́.

Mo kó díìsìkì sínú báàgì, mo fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, mo sì gba ibẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù kún. Orin ń lọ, irun wà nílẹ̀ bí ẹni tú tìmùtìmù. Kílípà kí mi dáadáa, ó ká táwẹ́lì kúrò, ó ki okùn díìsìkì bọ̀ ọ́. Mo tẹ àpótí lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi, arúgbó yẹn ò sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n! Ó dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kàn ní kí n mú páásìwọ́ọ̀dù wá ni.

Páásìwọ́ọ̀dù wo? Ti ilé ò béèrè rí. Kílípà ló ṣàlàyé fún mi pé ìwọ lo fi páásìwọ́ọ̀dù tì í nígbà náà lọ́hùn-ún, pé o ti sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà ilé lẹ́ẹ̀kan kó má baà máa yọ mí lẹ́nu. Mo tẹ orúkọ rẹ. Kò ṣí. Mo tẹ orúkọ bàbá rẹ, mo tẹ ọjọ́ ìbí rẹ, mo tẹ orúkọ ẹni yẹn tí o ní ẹ kàn jọ ń kàwé ni. Kò ṣí. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́, Kílípà ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún fún mi. Ẹ̀rín ló ń rín!

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Mo ní Kílípà, sọ ọ́. Ó ní Màmá, ẹ dákun, àwa méjèèjì ti búra nígbà náà. Ó ní kí n pè ẹ́. Mo pè ẹ́, obìnrin rẹ olóhùn dídùn dá mi lóhùn. Mo ní Kílípà, ó ní o ò sí nítòsí. Ó ní á jẹ́ pé kí n padà wá lọ́la nìyẹn, pé kódà tí wọ́n bá fi ẹ̀mú fa eyín òun, òun ò ní lè la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níwájú mi.

Ọkùnrin kan wà lórí àga tí Kílípà ń gẹrun fún lọ́wọ́, èèyàn ńlá, ó sanra, ó ń lọ rí àwọn òbí ìyàwó tó fẹ́ fẹ́. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ti mọ́ kedere, apá òsì ṣì jẹ́ igbó. Fóònù rẹ̀ dún, ó bọ́ síta láti dáhùn. Nígbà tó máa fi padà wọlé, èmi ni mo wà lórí àga. Mo gbé báàgì mi lé itan, mo di apá àga mú. Kílípà ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mo ní ara tu mí níbí. Ó ní oníbàárà ń dúró. Mo ní èmi náà ń dúró. Mo ní mi ò ní kúrò lórí àga yìí títí àpótí yẹn fi máa ṣí, tó bá di ìgbà òtútù kí ó bá mi mú aṣọ ìbora wá.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó wá fi mí sílẹ̀, ó dojú kọ Kílípà. Ó bi í léèrè pé ṣé àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jù àbí orí òun? Ó ní àna òun ti gbé omi kaná, ṣé apá kan òun ni kó máa lọ kí wọn ni? Àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì dá sí i. Ọ̀kan ní kí Kílípà tu ú sílẹ̀. Ọ̀kan ní kí ó kọ ọ́ sínú bébà. Ọ̀kan ní tí òun bá jẹ́ Màmá, òun ì bá ti na ẹsẹ̀ dáadáa jù báyìí lọ. Mo sì nà án.

Nígbà tí ó sú Kílípà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí irun tó wà nílẹ̀ yẹn. Ó ní òun ò lè fẹnu sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́. Ó di ojú, ó tẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé ọkùnrin olórí apá kan ti na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń kà á sókè fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù bí ìka Kílípà ṣe ń kan lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: màmá mi fèrè rélùwéè.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé o ti dáwọ́ kíkà dúró níbẹ̀ tí o wà. Fara balẹ̀ kà á lọ.

 Gbogbo wọn ń wò mí, Kílípà ṣì di ojú. Mo ní kí Kílípà tẹ bọ́tìnì tó máa ṣí i. Ó tẹ̀ ẹ́, yàrá ṣí wọ̀ọ̀, kìnnìún mi sì wà níbẹ̀, ó jókòó lórí ìwé rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn débi pé mo hó. Wọ́n ní ìhó náà ló pa orin. Mẹkáníìkì kan sáré wọlé, ó ní ta ló pe òun. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá gba ṣọ́ọ̀bù kan, èmi náà rín in, mi ò lè purọ́ fún ẹ.

Mo dìde fún ọkùnrin náà kó lọ pé orí. Kílípà bá mi kó gbogbo bátànì jáde láti inú àpótí, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalasa lórí díìsìkì, láìní ìdérí, láìní títì. Ó ní báyìí, ọpọlọ tuntun tàbí ọpọlọ àtijọ́, ẹni tó bá wù ú lè kà wọ́n. Mo gbé e délé, mo kì í bọ kọ̀ǹpútà olókè oníyìnyín, mo ní ó yá, sọ pé o ò mọ èyí náà. Ó ṣí i wẹ́rẹ́. Maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń sọ tá-tá-tá, bàbá rẹ sì ń gé òwú. Nígbà tí ọ̀gá àgbà dé, báàjì ti wà nílẹ̀ bí òkìtì. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó wò ó títí, kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó-di-Jímọ̀ wá kí mi kú oríire, ojú rẹ̀ dà bíi ti ológbò rẹ̀.

Má bá Kílípà jà o. Ó gbìyànjú fún ẹ. Mi ò rí agẹrun tó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ti ọ̀rọ̀ orúkọ, mi ò bínú. Èmi ni mo máa ń jí ẹ láràárọ̀, àdúgbò kan sì ń bá ẹ jí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti ṣe àpótí tuntun kan. Kílípà ló kọ́ mi. Bátànì wà níta bí o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn pamọ́, mo kó àwọn fọ́tò rẹ ìgbà kékeré kún un, mo sì fi páásìwọ́ọ̀dù tì í. Ohun tí o máa ń ṣe sórí bẹ́ẹ̀dì títí o fi wọ kíláàsì kẹrin ni páásìwọ́ọ̀dù náà. Mo ti sọ ọ́ fún Kílípà, mo ní kó búra. Ẹ jọ máa di ara yín mú.

Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Fi owó òwú ránṣẹ́, èyí tó dà bíi wúrà, irun ọrùn kìnnìún ti jẹ ẹ́ tán. Tí o bá tún fẹ́ gbé ọpọlọ tuntun sórí nǹkan kan nílé yìí, kọ́kọ́ ṣí gbogbo àpótí àtijọ́ lójú mi, ká rí ohun tó wà níbẹ̀, ká kó o jáde. Ohun tó kẹ́yìn, máa gbé fóònù. Tí obìnrin yẹn bá tún fi dá mi lóhùn, mo máa wọ mọ́tò wá, mi ò sì ní béèrè ọ̀nà ilé rẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo máa sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì, mo máa pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ibẹ̀.

Ohun tí o bá kó pamọ́ kò ní di àwátì. Ilẹ̀kùn tuntun tó bá ṣí fún ẹ kò ní ti ti àtijọ́ mọ́ ẹ lẹ́yìn. Níbikíbi tí o bá dé, wọn ò ní sọ pé àwọn ò mọ irú ẹ rí. O ò sì ní dàgbà débi tí o ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fèrè Rélùwéè.